BABA ŃLÁ TÍ KÌ Í BÁ NI WÍ: Bí Àwọn Ìjọba Apàṣẹwàá Ṣe Ń Fi Ilé Kíkọ́ Pe Ògo Àtijọ́

Àbọrú, àbọyè.

A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà gbogbo irúnmọlẹ̀. A júbà àwọn baba ńlá àti àwọn ìyá ńlá wa tí wọ́n ti lọ, tí ọ̀nà tí wọ́n là kò sì parẹ́. Ẹ̀yin Àràbà, ẹ̀yin Olúwo, ẹ̀yin Ojùgbọ̀nà, ẹ̀yin Ìyánífá àti gbogbo awo pátá. Ẹ̀yin olólùfẹ́ àṣà tí ẹ kò tíì tẹ Ifá ṣùgbọ́n tí ẹ kì í jẹ́ kí ọdún yìí fo yín dá: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Lọ́dọọdún ni a máa ń gbọ́ níbi àpéjọ báyìí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò sì wá síbí láti jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Àwọn alágbára kan ti jẹ láyé yìí tí wọn kò gbàgbé orísun rárá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pariwo rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé fún un, wọ́n la ọ̀nà fún un, wọ́n gbé ọwọ̀n òkúta dúró fún un. Síbẹ̀, lábẹ́ òjìji àwọn ilé náà, wọ́n ṣe ohun tí ojú àwọn baba ńlá kò gbọdọ̀ rí. Orúkọ àgbà ni wọ́n fi ṣe aṣọ ìbora.

Nítorí náà, ní ọdún yìí, a ó rìnrìn àjò díẹ̀. A ó lọ sí ìlú Róòmù, a ó ya Etiópíà, a ó dé Bábílónì, kí a tó padà sílé. Kì í ṣe pé ohun àtijọ́ tiwọn ju tiwa lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere, àwa tí a ń bọ ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa sì gbọdọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó ń bọ ohun àtijọ́ àti ẹni tí ó kàn ń lò ó.

Ẹni Tí Ó Ń Wá Ilé Baba

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1922, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù dúdú kóra jọ láti oríṣiríṣi ìlú ní Ítálì, wọ́n sì dojú kọ Róòmù, olú-ìlú wọn. Ọba Vittorio Emanuele Kẹta kò gbé ogun kò wọ́n. Ó pe olórí wọn, Benito Mussolini, ó sì fi í ṣe olórí ìjọba. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún 1926, Mussolini ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù. Ohùn kan ṣoṣo ni ó kù ní ìlú.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Mussolini. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Àwa tí a mọ Ògún mọ iyì alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jogún oyè, tí kò sì jẹ́ kí ìlú yan òun láìsí ìbẹ̀rù, yóò máa wá èsì tí yóò fọ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í pé, ọmọ ta ni ọ́? Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mussolini wo gbogbo ilé tí ó wà nínú ìtàn Ítálì, ó sì yan èyí tí ó ga jù: ilé àwọn ọba ńlá Róòmù àtijọ́, tí agbára wọn nígbà kan tàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé etí odò Yúfúrétì, tí gbogbo etí òkun àríwá Áfíríkà sì wà ní ìkáwọ́ wọn.

Láti inú ìlú àtijọ́ yìí ni ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ Fascist, ti mú àmì tí wọ́n fi dá a mọ̀: ìdì ọ̀pá tí a so pọ̀ mọ́ àáké, èyí tí àwọn ìránṣẹ́ máa ń gbé ṣáájú àwọn aláṣẹ Róòmù. Ẹni tí ó bá ti di ìgbálẹ̀ rí mọ ohun tí ọ̀pá dídì dúró fún. Ìṣọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n àáké wà láàárín ìdì tiwọn, àáké náà kì í sì í ṣe fún ọ̀ṣọ́.

Ohun kan ni Mussolini kò ní. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ẹ̀rí pé a ti pẹ́ láyé. Ìjọba tuntun náà láṣọ: ó ní owó, ó ní ọmọ ogun, ó ní rédíò. Kò ní àkísà. Ó wá pinnu pé òun yóò sọ àkísà Róòmù, ìyẹn àwókù àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà káàkiri ìlú náà, di tòun.

Ọ̀nà Tí Ó Gba Orí Ilé Ẹlòmíràn Kọjá

Ní àárín Róòmù, ọ́fíìsì Mussolini wà ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Piazza Venezia. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Colosseum wà, pápá eré ńlá tí àwọn ọba àtijọ́ fi òkúta kọ́ ní ohun tí ó ju 1900 ọdún sẹ́yìn. Òkè kékeré kan tí ń jẹ́ Velia wà láàárín méjèèjì, pẹ̀lú àdúgbò tí ilé ti há mọ́ ilé láti ìgbà pípẹ́, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti mẹ̀kúnnù ń gbé. Mussolini ní kí wọ́n la ọ̀nà gbọọrọ kan gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹni tí ó bá dúró ní Piazza Venezia lè máa wo Colosseum lọ́ọ̀ọ́kán.

Wọ́n gé òkè Velia. Wọ́n wó ilé, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n lé kúrò ní ibi tí àwọn baba wọn gbé dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá ara wọn ní àwọn ibùdó tuntun ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ilé kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn sì ti jìnnà sí wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1932, ọjọ́ tí ó pé ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ náà dojú kọ Róòmù, Mussolini gun ẹṣin gba orí ọ̀nà náà kọjá. Via dell'Impero ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Ọ̀nà Ilẹ̀ Ọba Ńlá. Via dei Fori Imperiali ni orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀nà yìí. Àwọn gbàgede tí Késárì, Augustus, Nerva àti Trajan kọ́ fún ìlú wọn ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n hú wọn jáde ní wàràwàrà, wọ́n sì tún da ọ̀nà bo apá tí ó pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn fi bu ọlá fún ohun àtijọ́ ni ó tún ohun àtijọ́ náà sin. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ ogun kò lè tò lórí kòtò. Ohun tí ìjọba náà ń fẹ́ kì í ṣe Róòmù àtijọ́ bí ó ti rí. Àwókù tí yóò dúró lọ́tùn-ún lósì bí ẹlẹ́rìí nígbà tí àwọn ọmọ ogun bá ń kọjá ni ó ń fẹ́. Nígbà tí Hitler wá láti Jámánì ní oṣù karùn-ún ọdún 1938, ọ̀nà yìí wà lára ibi tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ de àlejò náà.

Ohun mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ní ọdún 1934, wọ́n gbé máàpù mẹ́rin tí a fi òkúta mábù ṣe sára ògiri kan níbẹ̀. Nínú èkíní, Róòmù kò ju tóótó kékeré kan lọ. Ó ń gbòòrò sí i nínú èkejì àti ẹ̀kẹta, títí ó fi gba gbogbo àyíká Òkun Mẹditaréníà nínú ẹ̀kẹrin, ní àsìkò Trajan. Ní ọdún 1936, wọ́n fi ìkarùn-ún kún un: máàpù àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Mussolini. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò rò pé ìtàn kan náà ni ó ń bá a bọ̀, pé ẹ̀kẹrin ni ó bí ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún, ó ju 1800 ọdún lọ. Àwọn wo ni wọ́n gbé ìlú náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Àwọn tí wọ́n kọ́ àdúgbò tí ó wó ni. Baba ni àwọn náà. Apàṣẹwàá kì í ka gbogbo baba kún baba. Ó máa ń fo àwọn tí kò lè fi ṣe fọ́ńté, a sì wó ilé wọn láti fi yẹ́ àwọn tí ó yàn sí. Lẹ́yìn ogun, wọ́n yọ máàpù ìkarùn-ún kúrò. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Pẹpẹ Àlàáfíà

Nínú gbogbo àwọn ọba ńlá Róòmù, Augustus ni Mussolini fẹ́ràn jù láti fi ara rẹ̀ wé. Augustus ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, ó sì kú ní ọdún 14 nínú òǹkà tí gbogbo ayé ń lò yìí. Ibojì ńlá tí ó kọ́ fún ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ti di oríṣiríṣi nǹkan láti ìgbà náà: ó ti di odi ológun, ó ti di ọgbà òdòdó, ní ìkẹyìn ó di gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbọ́ orin. Ní ọdún 1934, Mussolini fúnra rẹ̀ gbé dígà, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ wíwó àwọn ilé tí ó yí ibojì náà ká. Wọ́n wó gbọ̀ngàn orin náà pẹ̀lú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì yìí ni wọ́n gbé Ara Pacis sí, ìyẹn Pẹpẹ Àlàáfíà tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ní ayé Augustus. Abẹ́ ilé kan ní ibòmíràn nínú ìlú náà ni àfọ́kù rẹ̀ wà, nínú ilẹ̀ tí omi ti kún. Àwọn oníṣẹ́ ní láti sọ omi inú ilẹ̀ náà di yìnyín kí wọ́n tó lè wa pẹpẹ náà jáde láìjẹ́ pé ilé orí rẹ̀ wó. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, a kò ní fi ọgbọ́n du àwọn tí wọ́n ṣe é. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1938, ọjọ́ ìbí Augustus, wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé rí, ní òpin ayẹyẹ ọdún kan gbáko tí wọ́n fi sọ pé ó pé 2000 ọdún tí wọ́n bí i.

Nínú oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà, ìjọba tí ó ṣí Pẹpẹ Àlàáfíà ṣe òfin tí ó lé àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọdé tí wọ́n jẹ́ Júù kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn Júù ti ń gbé Róòmù kí a tó bí Augustus. Nígbà tí ẹnu àwọn aláṣẹ kò kúrò lórí ìgbà láéláé, ìdílé tí ó ti wà ní ìlú láti ìgbà láéláé ni wọ́n sọ fún pé wọn kì í ṣe ara ìlú. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ìjọba náà fi wọ inú ogun àgbáyé, ní oṣù kẹfà ọdún 1940.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo awo gbọ́. Kí Augustus tó kú, ó kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ó gbé ṣe láyé. Ní ọdún 1938, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Látìnì sára ògiri ilé tí wọ́n kọ́ bo Pẹpẹ Àlàáfíà. Nínú àkọsílẹ̀ yẹn, Augustus ròyìn pé òun tún ilé òrìṣà 82 ṣe láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ó tún ròyìn pé nígbà tí òun ná owó ńlá láti tún tẹ́ḿpìlì orí òkè Capitol àti ilé eré tí Pompey kọ́ ṣe, òun kò kọ orúkọ òun sí wọn lára. Ó jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn dúró.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì gbàgede kan náà. Sára ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ yí ibojì náà ká, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ ní èdè Látìnì ní ọdún 1940 pé Mussolini, Aṣíwájú, ni ó tún ibẹ̀ ṣe. Ògiri kan ń bá ògiri kejì wí. Augustus kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ni òun náà gbà dé orí oyè, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó fọhùn. Ọmọ tí ó ní òun ni àrólé rẹ̀ gbẹ́ ọ̀rọ̀ baba sára ògiri, kò sì gbọ́ ọ.

Òpó Òkúta Aksum

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Róòmù. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọba ńlá gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ ẹlòmíràn lábẹ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1935, àwọn ọmọ ogun Ítálì wọ Etiópíà láìkéde ogun. Wọ́n da afẹ́fẹ́ olóró lé àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú lórí. Wọ́n wọ Addis Ababa ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1936, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Mussolini sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé rẹ̀ ní Piazza Venezia, ó kéde fún èrò pé ilẹ̀ ọba ńlá ti padà sí Róòmù.

Àwọn ọba Róòmù àtijọ́ a máa kó òpó òkúta láti Íjíbítì wá sí ìlú wọn bí àmì ìṣẹ́gun. Augustus náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mussolini ní kí wọ́n wá tòun náà. Ní Aksum, ìlú àtijọ́ ní àríwá Etiópíà, àwọn ọba ibẹ̀ gbé òpó òkúta kalẹ̀ ní ibi ibojì ní nǹkan bí 1700 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ga tó mítà 24, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù 150 lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ilé alágbèékà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Ó ti ṣubú, ó sì ti kán láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n kó o lọ sí Ítálì ní ọdún 1937, wọ́n sì gbé e dúró ní Róòmù ní oṣù kẹwàá ọdún náà, nígbà tí ó pé ọdún 15 tí ẹgbẹ́ Fascist dojú kọ ìlú náà. Níwájú ibi tí wọ́n yàn fún ọ́fíìsì tí yóò máa ṣàkóso àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà ni wọ́n gbé e sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé tiwa. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wà ní Ilé-Ifẹ̀, gíga rẹ̀ ju mítà 5 lọ. Bí àjèjì kan bá hú u, tí ó gbé e dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ní òkè òkun, tí ó sì ní iyì ni òun bù fún un, kí ni a ó sọ? Òkúta náà kò ní yí padà. Àwọn tí wọ́n mọ orúkọ ẹni tí ó ni ín ni kò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1947, Ítálì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà pé àwọn yóò dá ohun tí wọ́n kó padà. Òpó náà kò kúrò ní Róòmù títí tí mànàmáná fi kọ lù ú ní ọdún 2002. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú gbé e padà sí Aksum ní ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ọdún 2008, wọ́n tò ó pọ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òkúta kan náà ni. Ní Róòmù, ẹrù ogun ni. Ní Aksum, àmì ibojì ni, láàárín àwọn tí òkú náà jẹ́ tiwọn.

Bíríkì Bábílónì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Mussolini nìkan ni, tàbí pé àwọn òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jẹ́ kí a dé Ìráàkì. Níbẹ̀ ni àwókù Bábílónì wà, ìlú Nebukadinésárì Kejì, tí ó kú ní ohun tí ó ju 2500 ọdún sẹ́yìn. Ọba yìí a máa tẹ orúkọ rẹ̀ sára bíríkì tí ó fi ń kọ́lé. Saddam Hussein di ààrẹ Ìráàkì ní ọdún 1979. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó gbógun ti Ìránì, ogun náà sì jà fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń kú ní ojú ogun, ó ń tún ààfin Nebukadinésárì mọ, lórí ìpìlẹ̀ àtijọ́ gan-an. Ó tẹ àkọlé sára àwọn bíríkì tuntun náà pé ní ayé Saddam Hussein ni wọ́n tún Bábílónì kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kó yẹ̀pẹ̀ jọ di òkè, ó sì kọ́ ààfin tirẹ̀ sórí rẹ̀, kí ó lè máa wo ìlú àtijọ́ náà láti òkè wá.

Àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ ké gbàjarè pé ògiri tuntun tí a gbé ka orí èyí tí ó ti gbó yóò ba ohun tí ó wà nísàlẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ṣubú ní ọdún 2003, àwọn ènìyàn kó ohun tí ó wà nínú ààfin náà lọ. Ó dúró níbẹ̀ ní òfìfo.

Ìyàtọ̀ Tí Ó Wà Nínú Bíbéèrè

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òkúta àti bíríkì ni àwọn wọ̀nyí ń sá tọ̀? A rò pé ìdí kan ni ó tóbi jù. Òkúta kì í fèsì. Baba ńlá tí a sọ di ọwọ̀n yóò gbà pẹ̀lú ẹni tí ó bá gbé e dúró, ohunkóhun tí ó bá sọ. Bí ó bá lọ jagun, ọwọ̀n dákẹ́. Bí ó bá lé ọmọdé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, pẹpẹ dákẹ́.

Àwa kì í bá àwọn tí ó ti lọ lò báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó tọ́, ó ní láti lọ bi Ifá, ìbéèrè sì ni, kì í ṣe àṣẹ. Awo yóò da ọ̀pẹ̀lẹ̀, tàbí kí ó fi ikin mẹ́rìndínlógún tẹ̀ ẹ́ lójú ọpọ́n. Nínú Odù 256, kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí yóò yọ. Ọba kò lè pàṣẹ fún ikin. Awo pàápàá kò gbọ́dọ̀ yan èyí tí ó dùn mọ́ ọba. Bí Ifá bá ní kí ọba rúbọ, yóò rúbọ. Bí Ifá bá ní kí ó lọ tọrọ àforíjì, yóò lọ. Bí Ifá bá ní kí ó dáwọ́ ohun tí ó ń ṣe dúró, a kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà di oríkì. Bákan náà ni egúngún tí ó jáde lọ́dún: a máa súre, a sì máa báni wí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì wà láti sọ fún Aláàfin pé ìlú kọ̀ ọ́.

Baba tí ó ń bí ọmọ ló ń bá ọmọ wí. Èyí tí kì í báni wí, bí ó ti wù kí ó ga tó, ọwọ̀n lásán ni. Dígí ni apàṣẹwàá ń kọ́, ó kàn ń fi òkúta àgbà ṣe é ni.

Ìbéèrè Mẹ́ta

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ní ibikíbi tí a bá wà, ní ilẹ̀ yìí tàbí ní òkè òkun níbi tí a ti ń bọ Ifá, aláṣẹ yóò wá lọ́jọ́ kan tí yóò ní òun fẹ́ gbé ohun àtijọ́ ga. Yóò fẹ́ kọ́ ẹnubodè ńlá, yóò fẹ́ gbẹ́ ère, yóò fẹ́ tún ojúbọ ṣe. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò sì fẹ́ kí awo súre fún òun níwájú èrò. A kò ní kí a lé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ojúbọ tí òrùlé rẹ̀ ń jò nílò ẹni tí yóò bò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi òótọ́ inú ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a tó lanu súre, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: kí ni a ó wó, ta ni a ó sì lé kúrò, kí èyí tó dìde? Ilé arúgbó tí a wó láti fi kọ́ ilé àṣà, inú rẹ̀ ni àṣà wà tẹ́lẹ̀.

Èkejì: orúkọ ta ni yóò wà lára rẹ̀? Bí orúkọ ẹni tí ó tún un ṣe bá tóbi ju orúkọ ẹni tí ó ni ín lọ, a ti mọ ẹni tí a ń bọ.

Ẹ̀kẹta, òun ni ó wúwo jù: lẹ́yìn tí a bá kọ́ ọ tán, ǹjẹ́ àwọn baba ńlá tí a kọ́ ọ fún ṣì lè bá ẹni tí ó kọ́ ọ wí? Ǹjẹ́ ẹnu awo ṣì gba ọ̀rọ̀ tí ó bá jáde lójú ọpọ́n, àbí a ti fi owó orí òrùlé náà di í?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, àwa awo ni a ó dáhùn rẹ̀. Apàṣẹwàá lè kọ́ ohun tí ó bá wù ú. Kò lè fi Ifá ṣe ọwọ̀n àyàfi bí awo bá gbà kí a gbẹ́ òun. Awo tí ó kàn ń mi orí sí gbogbo ohun tí alágbára bá sọ ti di òpó òkúta ní iwájú ọ́fíìsì ẹlòmíràn. A gbé e ga, a tan iná yí i ká, àlejò ń yà á ní fọ́tò. Kò sì sí ẹni tí ó ń bi í léèrè ohun kankan mọ́.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí ẹnu wa di òkúta. Kí àwọn baba ńlá wa máa bá wa wí, kí a sì ní etí tí a ó fi gbọ́. Kí ọdún yabo fún wa, tọmọdé tàgbà.

Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.